Adìẹ Ẹlẹ́yin ní Ẹ̀yìnkùlé: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ náà láti Orí Òròmọdìẹ Dé Orí Àgbébọ̀

Ìbéèrè kan wà tí ó ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn lóde òní ju bí ó ti ń jáde látijọ́ lọ, pàápàá jù lọ láti ìgbà tí owó ẹyin ti gòkè dé ibi tí ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin fi ń ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó se ẹyin fún àwọn ọmọ rẹ̀ láàárọ̀. Ìbéèrè náà ni pé, ǹjẹ́ ẹni tí ó ní ẹ̀yìnkùlé kékeré, tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ kì í ṣe àgbẹ̀, tí kò sì ní i lọ́kàn láti di ọlọ́sìn ńlá, lè ra òròmọdìẹ díẹ̀, kí ó tọ́ wọn títí wọn yóò fi di àgbébọ̀, kí ẹyin wọn tó ilé rẹ̀ jẹ, kí ó sì tún ṣẹ́kù díẹ̀ tí yóò máa tà fún aládùúgbò? Ìdáhùn mi ni pé ó lè ṣe é, ó sì yẹ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní orí, ó sì ní ìdí, àwọn tí wọ́n fi ìwàǹwára wọ inú rẹ̀ sì ti sọ owó nù lọ́nà tí ó bani nínú jẹ́, kì í ṣe nítorí pé iṣẹ́ náà le kọjá agbára wọn, bí kò ṣe nítorí pé wọn kò kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí ó jẹ́.

Adìẹ kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Àwọn baba wa ní Ilé-Ifẹ̀, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, sọ fún wa pé nígbà tí Odùduwà Atẹ̀wọ̀nrọ̀ ń bọ̀ láti ìsálú ọ̀run, adìẹ ọlọ́mọ-ìka márùn-ún wà lára ohun tí ó mú lọ́wọ́, adìẹ yìí ni ó sì fi ẹsẹ̀ tan iyẹ̀pẹ̀ ká orí omi tí ilẹ̀ fi di ilẹ̀. Láti ìgbà náà ni adìẹ ti ń bẹ ní agboolé wa, tí ó ń jẹ̀ káàkiri orí àtàn àti ẹ̀yìn àdìro, tí ó ń ṣa ọkà tí ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọlọ, tí ó sì ń padà sábẹ́ àgò nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ni wọ́n sábà máa ń ní wọn. Ìyá àgbà yóò so àkísà pupa mọ́ apá tirẹ̀ kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ ti ará ilé. Ẹni tí kò ní yóò gba àgbébọ̀ kan sìn lọ́wọ́ ẹni tí ó ní, nígbà tí ó bá sì pamọ, tí àwọn ọmọ náà dàgbà, àwọn méjèèjì yóò jọ pín wọn. Ọmọkùnrin ilé yóò sì gbẹ́ ikán bọ̀ láti oko kí àwọn òròmọdìẹ lè rí ohun tí yóò tètè mú ara wọn le.

Ọgbọ́n ńlá wà nínú ọ̀nà yìí, nítorí pé ohun tí ilé kò nílò mọ́ ni adìẹ ń sọ di ẹran àti ẹyin, láìná olówó ní kọ́bọ̀. Oríṣiríṣi ni wọ́n sì wà: aṣa tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè, abólọ́rùn tí kò sí ìyẹ́ lọ́rùn rẹ̀, òpìpì tí kò ní ìyẹ́ tí ó lè fi fò, àti arúpẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú. Aṣa àti abólọ́rùn tí àwọn ènìyàn máa ń fojú tín-ín-rín, àwọn ni àwọn onímọ̀ wá rí lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé wọ́n ń fara da ooru ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé ooru inú ara wọn tètè ń rí ọ̀nà jáde. Bí a bá wá ń sọ ti ẹyin, a gbọdọ̀ sọ òtítọ́ pé adìẹ ìbílẹ̀ kì í yé púpọ̀. Yóò yé bíi mẹ́wàá tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, yóò sàba lé wọn fún ọjọ́ 21, yóò sì máa kó àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ó tó tún ronú àtiyé òmíràn. Bí ọdún bá fi yí po, gbogbo ẹyin rẹ̀ kì í sábà ju 40 sí 60 lọ, wọn kì í sì í tóbi.

Adìẹ tí a ń pè ní àgíríìkì ni ó yí ìṣirò yìí padà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí dá àwọn oko ìtẹ̀dó sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1959 fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jáde ilé-ìwé, ọ̀sìn adìẹ wà lára iṣẹ́ tí a fi lé wọn lọ́wọ́, láti ìgbà náà ni ojú àwọn ará ilú sì ti ń mọ́ adìẹ tí ó ń gbé inú ilé láti àárọ̀ dé alẹ́, tí ó ń jẹ oúnjẹ tí a lọ̀ fún un, tí ó sì lè yé ẹyin tí ó tó 280 sí 320 ní ọdún àkọ́kọ́ tí ó bá fi ń yé. Adìẹ yìí kì í sàba. Àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀yà rẹ̀ ti ṣa ìfẹ́ ọmọ kúrò lára rẹ̀ kí gbogbo agbára rẹ̀ lè máa bá ẹyin lọ, bí a bá sì pa ẹyin rẹ̀ sí òròmọdìẹ, àwọn ọmọ náà kì í jọ ìyá wọn nínú yíyé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń dojú rú nìyí. Àwọn kan ra adìẹ àgíríìkì, wọ́n sì tú u sílẹ̀ kí ó máa wá jẹ kiri gẹ́gẹ́ bí ti ìyá àgbà. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ, àrùn àti ebi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo wọn lọ. Àwọn mìíràn ka ìwé tí a kọ fún ẹni tí ó ní 5,000 adìẹ, wọ́n sì fi ogún adìẹ tiwọn ṣe gbogbo ohun tí ìwé náà sọ, láti orí ríra àgò onírin dé orí pípo oúnjẹ fúnra ẹni, owó sì tán kí ẹyin tó dé. Èrò mi, tí n kò sì ní ṣíwọ́ láti máa sọ, ni pé ọ̀sìn ẹ̀yìnkùlé ní ìlànà tirẹ̀. Kì í ṣe oko ńlá tí a gé kúrú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀nà àtijọ́ tí a kàn fi adìẹ olówó rọ́pò inú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n E. B. Sonaiya ti Ifáfitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí ó wà nídìí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ adìẹ ìgbèríko ilẹ̀ Áfíríkà tí a dá sílẹ̀ ní 1989, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ayé pé adìẹ tí kò pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní púpọ̀ yẹ fún ẹ̀kọ́ àti ìwádìí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó yẹ kí a fi ojú kan náà wo ẹ̀yìnkùlé ará ìlú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò, nítorí pé ẹni tí kò bá ṣírò oúnjẹ kò gbọdọ̀ ṣírò ẹyin. Òròmọdìẹ kan yóò jẹ tó kílò 7 láti ọjọ́ tí a gbé e dé títí di ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí yé ní nǹkan bí oṣù márùn-ún. Bí wọ́n bá jẹ́ ogún, kílò 140 nìyẹn, èyí tí í ṣe àpò oníkílò 25 márùn-ún ó lé, kí ilé tó rí ẹyọ ẹyin kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n bá ti ń yé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò máa jẹ gíráàmù 110 sí 120 lójúmọ́, ogún yóò sì jẹ àpò kan tán ní bíi ọjọ́ mọ́kànlá. Bí ara wọn bá le, tí oúnjẹ wọn sì pé, wọn yóò máa yé 15 sí 18 lójúmọ́ ní àkókò tí yíyé bá gbóná, tí kíréètì ẹlẹ́yin 30 kan yóò fi máa kún ní ọjọ́ méjì. Kí ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ béèrè iye owó àpò oúnjẹ ní àdúgbò rẹ̀, kí ó béèrè iye owó kíréètì ẹyin, kí ó sì fi méjèèjì sórí ìwọ̀n. Bí kò bá ní owó oúnjẹ oṣù márùn-ún nílẹ̀, kí ó dín iye adìẹ kù, kí ó má ṣe dín oúnjẹ kù. Ẹyin ni í di àkùkọ. Mẹ́wàá tí ó jẹun yó sàn ju ọgbọ̀n tí ebi ń pa lọ, fún ẹni tí ó sì ń bẹ̀rẹ̀, n kò gbà kí ó kọjá 25.

Páálí tí a fi ń ta òròmọdìẹ sábà máa ń gba 50, nítorí náà ó dára kí ará àdúgbò méjì tàbí mẹ́ta jọ rà á pọ̀. Ọ̀dọ̀ hátíṣárì tí orúkọ rẹ̀ dára, tàbí ọ̀dọ̀ aṣojú rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ni kí a ti rà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé apẹ̀rẹ̀ kọjá lójú títì, nítorí pé akọ ni ó máa ń pọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run fún òròmọdìẹ ní pupa ẹyin tí ó fà sínú kí ó tó jáde, èyí tí ó lè gbé e ró fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Òun ni a fi ń lè gbé e rin ìrìn àjò láìjẹun. Ẹ̀yà Isa Brown tí ó wọ́pọ̀ ṣe é mọ̀ láti ọjọ́ tí ó jáde: abo pupa, akọ funfun tàbí ràkọ̀ràkọ̀. Ti Nera dúdú náà ní àmì tirẹ̀, nítorí pé àbàwọ́n funfun máa ń wà ní àtàrí akọ.

Kì í ṣe ti ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni ó wà. Ifáfitì ètò ọ̀gbìn ti Abẹ́òkúta, ìlú Ṣódẹkẹ́, ti ṣe ẹ̀yà FUNAAB Alpha láti ara adìẹ ìbílẹ̀ wa. Ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn ní Ṣíkà lẹ́bàá Sáríà ni ó ṣe Shika Brown. Láti Awẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Noiler ti jáde, èyí tí a ń sìn fún ẹran àti ẹyin papọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹyin nìkan ni ènìyàn ń wá, tí ó sì lè ra oúnjẹ tí ó péye, Isa Brown tàbí Nera ni kí ó mú. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá fi bẹ́ẹ̀ tẹ oúnjẹ, tí ààyè sì wà tí adìẹ lè jẹ̀ nínú ọgbà tí a mọ odi yí ká, kí ó mú èyí tí ẹ̀jẹ̀ adìẹ ìbílẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ó sì gbà pé ẹyin kò ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń béèrè bóyá kò sàn kí a ra adìẹ tí ó ti tó yé, tí ó ti pé oṣù mẹ́rin. Ó sàn fún ẹni tí kò ní àkókò. Ó wọ́n ju òròmọdìẹ lọ, ṣùgbọ́n ewu ìbẹ̀rẹ̀ ti kọjá lórí rẹ̀. Kí olùrà ṣáà rí ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fún un kí ó tó sanwó.

Àwọn àgbà ní kí á kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí á tó fi àbọ̀ bá adìẹ. Kí òròmọdìẹ tó dé ni kí ilé ti parí. Ogún àgbébọ̀ kò nílò ju yàrá tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní méje lọ, níwọ̀n ìgbà tí mẹ́rin yóò bá máa wà lórí mítà kan ní ìbú òun òró. Kí ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ kọjú sí àríwá àti gúúsù kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà máa wọlé tààrà. Kí odi bulọ́ọ̀kù rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí àwọ̀n onírin sì gba ibẹ̀ dé òkè, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ kọjá. Kí ojú àwọ̀n náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ejò àti eku kò fi ní rí ọ̀nà gbà. Àwòdì àti àṣá ń bẹ lójú ọ̀run, ológbò ń bẹ lórí odi, ẹ̀tà ń rìn lóru. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tí àwọn ará ìlú máa ń gbàgbé ni ìjàlọ, tí ó lè fi òru kan ṣoṣo pa odindi páálí òròmọdìẹ. Eérú tí a dà yí ìpìlẹ̀ ilé ká àti koríko tí a gé mọ́lẹ̀ a máa ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Orí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni kí a da ìfági àwọn káfíńtà sí, kí ó nípọn tó ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kì í ṣe ìyẹ̀fun ayùn tí ó kúnná, nítorí pé òròmọdìẹ a máa ṣà á jẹ bí oúnjẹ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ òròmọdìẹ ti ń kú, níbẹ̀ sì ni a ti ń pinnu irú àgbébọ̀ tí ìyókù yóò dà. Òròmọdìẹ tí ẹ̀rọ pa kò mọ ìyá. Kò sí ìyẹ́ apá tí yóò sá sí lábẹ́, ara rẹ̀ kò sì lè dá ooru tí ó tó ṣe. Àwa ni a ó ṣe ìyá fún un. Ooru ibi tí ó wà gbọdọ̀ tó ìwọ̀n Celsius 32 sí 35 ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí a sì máa dín in kù ní ìwọ̀n bíi mẹ́ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ti ìta. Ní àkókò ooru, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè tó. Nígbà ọyẹ́ tàbí nígbà tí òjò kò bá dá, kí a máà yọ iná kúrò kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé. Níwọ̀n bí iná mànàmáná kò ti ṣeé gbára lé, ìkòkò amọ̀ tí a kó èédú tí ó ti jó dáadáa sí nínú, tí a sì fi ìdérí oníhò bò, ni àwọn ènìyàn wa ń lò, ó sì ń ṣiṣẹ́ gan-an. Kí a fi páálí ṣe odi róbótó yí wọn ká, nítorí pé igun ilé ni wọ́n ti ń kó ara wọn jọ tí wọ́n sì ń tẹ ara wọn pa. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí òtútù di gbogbo ojú fèrèsé pa níbi tí èédú ti ń jó. Èéfín tí a kò rí ń bẹ nínú iná èédú, ó sì ń pa òròmọdìẹ àti ènìyàn.

Kò sí ẹ̀rọ tí ó sọ òtítọ́ ooru tó àwọn òròmọdìẹ fúnra wọn. Bí wọ́n bá kó jọ sídìí iná tí wọ́n ń ké kíkankíkan, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí iná tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri, tí àwọn kan ń jẹ, tí àwọn kan ń mu, tí àwọn kan sì sùn gbalaja, ẹ lọ sùn pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọ̀nà jíjìn, omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí, omi tí kò tutù nini, tí a pò ṣúgà díẹ̀ mọ́. Kí a mú mélòó kan nínú wọn, kí a ti ẹnu wọn bọ omi, àwọn ìyókù yóò sì kọ́ ọ lára wọn. Kí a kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú abọ́ omi kí wọ́n má baà kú sínú rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ ni oúnjẹ yóò tó dé, lálẹ́ ọjọ́ náà sì ni kí a fi ọwọ́ kan àpò ọ̀fun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tí ó kún tí ó sì rọ̀ ti jẹun, èyí tí ó ṣófo ni kí a yà sọ́tọ̀ kí a sì fi sùúrù bọ́. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nìkan. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, ẹni tí ó ra òròmọdìẹ gbọdọ̀ máa dìde lóru lọ wò wọ́n.

Ní ti oúnjẹ, ìpele mẹ́ta ni. Ti òròmọdìẹ, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní ṣíìkì máàṣì, ni a ń lò títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ohun amúradàgbà tí ń mú ẹran ara hù sì gbọdọ̀ tó ìdá 18 sí 20 nínú 100 nínú rẹ̀. Ti àwọn tí ń dàgbà, tí wọ́n ń pè ní gúróà, dín kù sí ìdá 15 tàbí 16. Ti àwọn tí ń yé, ìyẹn léyà máàṣì, sì tún gòkè díẹ̀, pẹ̀lú èròjà kálísíọ́ọ̀mù tí ó tó ìdá mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin, nítorí pé inú kálísíọ́ọ̀mù ni èèpo ẹyin ti ń wá. Ìfẹ́ láti rí ẹyin kíákíá máa ń mú kí àwọn kan fún adìẹ ní oúnjẹ àgbébọ̀ ṣáájú àkókò. Kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀: kálísíọ́ọ̀mù tí ó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ba kíndìnrín adìẹ tí kò tíì yé jẹ́. Pípo oúnjẹ fúnra ẹni kò yẹ ẹni tí ó ní ogún adìẹ, nítorí pé àgbàdo, sóyà, èkùrọ́ tí a ti fún òróró rẹ̀, ẹja àti àwọn èròjà wẹ́wẹ́ ni ó ń wọ inú rẹ̀ ní ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ yẹ̀, sóyà tí a kò sì yan yóò dí ìdà oúnjẹ lọ́wọ́ nínú adìẹ. Kí ó ra èyí tí a ti pò, láti ibi tí ọjà ti ń tètè tán, kí ó ki ọwọ́ bọ inú àpò náà kí ó sì gbóòórùn rẹ̀. Oúnjẹ tí ó ti hu èébu, àní bí ó ti wù kí ó pọ́n tó, májèlé ni. Ohun tí ilé lè fi kún un ni ewé tẹ̀tẹ̀, ìyókù ìrẹsì, ìdin àti ikán, àti ìkarahun ìgbín tí a gún kúnná tí a sì gbé kalẹ̀ sínú àwo lọ́tọ̀ kí àgbébọ̀ lè máa ṣà á bí ara rẹ̀ bá ti béèrè. Gbogbo èyí jẹ́ àfikún. Bí ó bá di pé òun ni ó ń gba ipò oúnjẹ gan-an, ẹyin yóò dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Àrùn tí ó ti ba ilé adìẹ jẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ wa ni lùkúlùkú. Àkọsílẹ̀ àwọn dókítà ẹran fi hàn pé ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, àti agbègbè rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dájú ní Nàìjíríà, láàárín ìparí 1952 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1953. Ìgbà ọyẹ́ ni ó fẹ́ràn jù. Adìẹ yóò dorí kodò, yóò máa ya ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, ọrùn àwọn mìíràn yóò sì lọ́ sẹ́yìn. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, gbogbo ilé ti dákẹ́. Kò sí òògùn tí ó ń wò ó. Àjẹsára nìkan ni odi, ó sì ṣeé rí: ilé ìwádìí ìṣègùn ẹran ní Vom lẹ́bàá Jos, tí ó ti ń bẹ láti 1924, ń ṣe é, ó tilẹ̀ ń ṣe irú èyí tí ó lè fara da ooru díẹ̀ fún adìẹ ìgbèríko. Òròmọdìẹ yóò gbà á lójú ní ọjọ́ àkọ́kọ́, yóò tún gbà á nínú omi ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó sì máa tún un ṣe títí di abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kí ó tó yé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin ni ti àrùn tí a ń pè ní Gumboro, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ sì ni ti àrùn tí ń yọ kókó sí ogbe àti ojú. Kí dókítà ẹran ìtòsí kọ ọjọ́ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àrùn àdúgbò bá ti rí.

Ìjáfara díẹ̀ ni ó máa ń sọ àjẹsára di omi lásán. Bí a bá fi omi ẹ̀rọ tí ó ní òògùn ìfọmi pò ó, ó ti kú. Bí ó bá gbóná nínú àpò ẹni láti ọjà délé, ó ti kú. Inú yìnyín ni kí a gbé e wá, omi kànga tàbí omi òjò tí ó mọ́ ni kí a lò, kí a pò wàrà oníyẹ̀fun díẹ̀ mọ́ omi náà ṣáájú. Kí a kọ́kọ́ gbé omi kúrò níwájú àwọn adìẹ fún wákàtí kan tàbí méjì kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, kí wọ́n sì mu ún tán láàárín wákàtí méjì. Níwọ̀n bí ìgò kan ti sábà máa ń tó fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún adìẹ, ìdí mìíràn nìyí tí àwọn ará àdúgbò fi gbọdọ̀ fi ìmọ̀ ṣọ̀kan, kí gbogbo wọn ṣe é ní ọjọ́ kan náà, títí kan adìẹ ìbílẹ̀ tí ń jẹ̀ kiri, nítorí pé àrùn kò mọ ààlà.

Ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni àrùn mìíràn tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà. Ilẹ̀ tí ó tutù ni ó ń bí i, òògùn rẹ̀ sì wà, ṣùgbọ́n ìfági gbígbẹ sàn ju òògùn lọ. Kí ẹnikẹ́ni má máa da òògùn apakòkòrò sínú omi adìẹ lójoojúmọ́ nítorí pé aládùúgbò kan sọ fún un. Òògùn náà ń wọ inú ẹyin, ọmọ ilé ni yóò sì jẹ ẹ́. Kí a má ra adìẹ láti ọjà dà mọ́ ti ilé, kí a sì ní bàtà kan tí kì í kúrò lẹ́nu ilé adìẹ. Láti ìgbà tí àrùn adìẹ tí ó lè ran ènìyàn ti wọ orílẹ̀-èdè yìí ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ní 2006, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún fi ọwọ́ lásán gbé adìẹ tí ó kú lójijì, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó sè é jẹ tàbí kí ó tà á. Kí ó sin ín jìn, kí ó sì ké sí dókítà ẹran.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20, ogbe yóò pọ́n, ohùn yóò yí padà, bí a bá sì na ọwọ́ sí ẹ̀yìn adìẹ, yóò ló sílẹ̀. Kí àpótí ìyésí ti wà nílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yìí, ẹyọ kan fún adìẹ márùn-ún, ní ibi tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, tí koríko gbígbẹ sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ìdí tí a fi nílò àkùkọ kí ẹyin tó jáde, àwọn aládùúgbò yóò sì dúpẹ́ pé kò sí ẹni tí ń kọ ní òwúrọ̀ kùtù. Ìmọ́lẹ̀ ní ọwọ́ nínú yíyé: àgbébọ̀ àgíríìkì ń yé dáadáa jù bí ó bá rí ìmọ́lẹ̀ wákàtí 16, ọjọ́ ilẹ̀ wa kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 12 lọ. Ẹni tí ó ní iná oòrùn lè tan gílóòbù kékeré fún wọn láàárọ̀ kùtù àti lálẹ́. Ẹni tí kò ní, ẹyin rẹ̀ yóò dín díẹ̀, kò sì yẹ kí èyí dá a lọ́wọ́ kọ́.

Ooru ni ó ń dààmú wọn jù. Òwe wa sọ pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí á mọ̀. Ní ti ara gan-an, Ẹlẹ́dàá kò fún adìẹ ní ihò òógùn rárá, ẹnu tí ó là sílẹ̀ tí ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ ni olórí ọ̀nà tí ó fi ń tu ara rẹ̀ lára. Mímí bẹ́ẹ̀ a máa mú kí èèpo ẹyin tín-ín-rín. Ní oṣù Kejì àti Kẹta ọdún, kí a máa pààrọ̀ omi lọ́sàn-án kí ó lè tutù, kí a bọ́ wọn ní kùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, kí a sì gbin igi tàbí kí a ta imọ̀ ọ̀pẹ lé orí páànù. Kí a máa kó ẹyin lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Èyí tí kò dọ̀tí, kí a má fọ̀ ọ́, nítorí pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó tí kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí wọ inú rẹ̀, omi sì ń ṣí i kúrò.

Ìgbẹ́ wọn ni ohun tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ilé àti ilé. Bí ilẹ̀ ilé adìẹ bá gbẹ, tí a sì ń tú ìfági náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òórùn rẹ̀ kò ní kọjá odi. Èyí tí a bá kó jáde, kí a jẹ́ kí ó jẹrà fún oṣù díẹ̀ kí a tó kó o sídìí ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí pé tútù rẹ̀ a máa jó gbòǹgbò.

Nígbà tí àgbébọ̀ bá pé ọ̀sẹ̀ 72 sí 80, ẹyin rẹ̀ yóò máa dín kù, oúnjẹ rẹ̀ kò sì ní dín. Àwọn onílé kan a máa fẹ́ràn wọn débi pé wọn kì í lè tà wọ́n, ohun tí ó sì ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tí kò yé mọ́ yóò máa jẹ owó àwọn tí yóò yé. Kí a ṣètò rẹ̀ kí àkókò títà wọn bọ́ sí ìgbà Iléyá tàbí Kérésìmesì, nígbà tí àgbébọ̀ máa ń lówó lórí, kí àwọn òròmọdìẹ tí yóò gba ipò wọn sì ti wà nínú yàrá mìíràn fún oṣù márùn-ún ṣáájú, jìnnà sí wọn díẹ̀, pẹ̀lú abọ́ àti bàtà tiwọn, nítorí pé àrùn tí àgbà ń gbé kiri láìṣàìsàn lè pa ọmọdé. Bí àwọn àgbà bá ti jáde, kí a kó gbogbo ìfági inú ilé náà dànù, kí a fi ọṣẹ fọ ilẹ̀ àti ara odi, kí a kùn ún ní ẹfun tàbí kí a fín òògùn apakòkòrò sí i, kí ó sì wà lófo pẹ̀lú ilẹ̀kùn ṣíṣí fún ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó kó àwọn tuntun wọ inú rẹ̀.